Òwú Pupa Lẹ́sẹ̀ Òròmọdìyẹ

Tí ẹ bá ń wá ẹni tó lè jókòó síbi kan láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láìsọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ, ẹ lọ sílé Màmá Aránṣọ, kí ẹ yà sí yàrá iwájú tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òpópónà. Ẹ óò bá a níbẹ̀, ó doríkodò sórí ẹ̀rọ ìránṣọ, téèpù tó fi ń wọn aṣọ wà lọ́rùn rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ ń bọ̀ lórí irin ìsàlẹ̀. Ọdún kẹtàlélọ́gbọ̀n rèé tó ti ń ṣe é. Ẹ̀rọ náà ti dún pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará àdúgbò ò gbọ́ ọ mọ́. Ìgbà tó bá dákẹ́ ni wọ́n máa ń yọjú lójú fèrèsé pé, "Màmá, ṣé kò sí o?"

Màmá Aránṣọ ní àṣà kan tí kì í fi ṣeré. Aṣọ tó bá wọlé rẹ̀, kó tó wọ̀n ọ́n, kó tó gé e, òwú pupa ni yóò kọ́kọ́ so mọ́ etí rẹ̀. Kókó kan fún oníbàárà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ náà, kókó méjì fún ẹnì kejì, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa lọ. Láti ọjọ́ tó ti gba iṣẹ́, aṣọ ẹnikẹ́ni ò ṣìnà lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ọkọ rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn pẹ̀lú ìwé ìròyìn àná nítorí pé tòní á mú un bínú jù, máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀.

"Lọ́jọ́ tí mo bá pẹ́ níta, mo mọ̀ pé òwú pupa lo máa so mọ́ mi lọ́rùn."

"Ọrùn kẹ̀?" ni ìyàwó rẹ̀ á wí. "Ẹsẹ̀ ni, Bàbá wọn. Ẹsẹ̀ ló ń gbé yín lọ."

Ẹ̀yìnkùlé ni àwọn adìyẹ wà. Márùn-ún ni wọ́n, gbogbo wọn funfun báláú. Tíṣà ló rà wọ́n lọ́dún tó fẹ̀yìn tì, ó ní òun ò lè máa gbé inú ilé kí òun má rí ẹni bá wí. Èyí tó jẹ́ ọ̀gá wọn ni wọ́n ń pè ní Ìyálé. Ẹ wò ó bó ṣe ń rìn! Ogbe rẹ̀ tẹ̀ sójú kan, àyà rẹ̀ yọ síwájú, kò sì sí èyí tó jẹ́ fẹnu kan oúnjẹ tí òun ò bá tíì jẹ yó. Adìyẹ kẹfà kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn. Pupa rúsúrúsú ni, ó kéré, ó sì ti dàgbà. Láti ilé ìyá Màmá Aránṣọ ló ti wá, nínú apẹ̀rẹ̀, lórí itan, nínú bọ́ọ̀sì, ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n sin ìyá náà. Nígbà tí àwọn ẹbí ń pín ìkòkò àti àga àti aṣọ, Màmá Aránṣọ ò na ọwọ́ sí nǹkan kan. Adìyẹ tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ yìí nìkan ló gbé.

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí rẹ̀ fún yín, kí ẹ má lọ máa rò pé onírera ni. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tí ìyá rẹ̀ kú, àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń bá ìyá gbé pè é pé ara Màmá ò yá, kó máa bọ̀. Aṣọ ìyàwó kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, Sátidé sì ni ìgbéyàwó. Ó ní, "Jẹ́ n parí èyí. Mo máa dé ní Sátidé." Ọjọ́bọ̀ ni ìyá kú. Aṣọ ìyàwó náà rẹwà o, gbogbo èèyàn ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, omi ò jáde lójú Màmá Aránṣọ. Níbi ìsìnkú gan-an, ojú rẹ̀ gbẹ táútáú, àwọn èèyàn ń sọ pé ọkàn rẹ̀ le. Ọkàn wo ló le? Ẹ̀rù ló ń bà á. Kò jẹ́ bi àbúrò rẹ̀ léèrè bí Ọjọ́bọ̀ yẹn ṣe rí, ohun tí ìyá sọ, bóyá ó bínú. Ọdún kan àti oṣù méjì ni wọ́n fi ń pe ara wọn lórí fóònù, tí wọ́n ń sọ ti òjò, ti ẹ̀yìn tó ń dunni, ti àwọn ọmọ tí kì í kọ̀wé. Wọn ò dé orí ọ̀rọ̀ yẹn rí.

Ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò retí ni adìyẹ pupa bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Tíṣà ti sọ pé kò lè yé mọ́, pé àgbà ti dé sí i. Àkùkọ ilé ẹ̀yìn tó máa ń fò kọjá ògiri wá ò gbọ́ ohun tí tíṣà sọ. Lọ́jọ́ kan, Màmá Aránṣọ ń wá àjákù aṣọ lábẹ́ tábìlì tó ti ń gé aṣọ, ó bá adìyẹ náà nínú agbọ̀n àjákù, ó sàba lé ẹyin mẹ́sàn-án, ó ń wò ó bí ẹni pé òun ni wọ́n já wọlé bá.

"Ẹ kú ìjókòó o," ni Màmá Aránṣọ sọ, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ.

Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni àwọn méjèèjì fi jókòó ti ara wọn. Ọjọ́ tó dùn ni wọ́n, tí èèyàn ò lè sọ pé nǹkan báyìí ló ṣẹlẹ̀ nínú wọn. Oòrùn ọ̀sán á wọlé láti ojú fèrèsé, á tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀, eruku òwú á máa fò lọ fò bọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ á máa dún, oorun á sì máa tan Màmá Aránṣọ lọ díẹ̀díẹ̀. Nínú oorun tí kì í ṣe oorun yẹn, á máa gbọ́ tí ẹnì kan ń gbálẹ̀ lẹ́yìn ilé, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń gbá a gẹ́lẹ́: á gbá a lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á dákẹ́, á gbá a lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á dákẹ́. Á jókòó jẹ́ẹ́, kò ní fẹ́ lajú. Tó bá wá là á, ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé á wà bó ṣe wà láàárọ̀, pẹ̀lú ewé lórí rẹ̀, adìyẹ á sì máa wò ó láti inú agbọ̀n. Kò sọ ọ́ fún tíṣà. Ó mọ̀ pé á ní kó lọ rí dókítà.

Méje ló pa nínú mẹ́sàn-án. Mẹ́ta pupa rúsúrúsú bí ìyá wọn, mẹ́rin ní ìlà dúdú lẹ́yìn. Lọ́jọ́ tí wọ́n jáde, Màmá Aránṣọ ti ilẹ̀kùn iṣẹ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé ọ̀kan sínú àtẹ́lẹwọ́. Ó gbóná, ọkàn rẹ̀ ń sáré lábẹ́ ìyẹ́ tí kò tíì gbẹ.

"Bàbá wọn, adìyẹ yìí ò tún lè yé mọ́ lẹ́yìn èyí."

"Kò lè yé mọ́," ni tíṣà dáhùn. Lọ́tẹ̀ yìí, òótọ́ ló sọ.

"Àwọn ìyá ńlá tó bí ìran adìyẹ yìí, èmi ni mo máa ń fún wọn lóúnjẹ kí n tó lọ sílé ìwé. Tí àwọn ọmọ yìí bá kú, kò sí nǹkan ìyá mi kankan nílé yìí mọ́."

Tíṣà ká ìwé ìròyìn rẹ̀. Kò fi ìyẹn ṣe ẹ̀fẹ̀.

Òun náà ló sọ bí wọ́n ṣe máa mú wọn mọ àwọn tó kù. Màmá Aránṣọ fẹ́ kó wọn sáàárín agbo lọ́sẹ̀ kejì, tíṣà ní ká má rí i.

"Ìyá wọn, rọra. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi mú ọmọ tuntun wọ kíláàsì. Èèyàn ò gbọ́dọ̀ tì í sáàárín wọn lójijì. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn lo máa kọ́kọ́ gbé e jókòó sí, kí wọ́n máa rí i, kóun náà máa rí wọn. Tí ó bá ti sú wọn láti máa wò ó, ó ti di ọ̀kan nínú wọn nìyẹn."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Tíṣà fi wáyà onínẹ́ẹ̀tì pín ẹ̀yìnkùlé sí méjì. Adìyẹ pupa àtàwọn ọmọ rẹ̀ wà níbi kékeré lábẹ́ igi, àwọn funfun wà níbi tó kù. Níjọ́ àkọ́kọ́, Ìyálé dúró ti nẹ́ẹ̀tì láti àárọ̀ dọ̀sán, ó ń fi ojú kan wò wọ́n, ó ń yí orí, ó ń fi ojú kejì wò wọ́n. Lọ́sẹ̀ kẹta, kò wò wọ́n mọ́. Ó máa ń dùbúlẹ̀ sínú eruku lẹ́gbẹ̀ẹ́ nẹ́ẹ̀tì, adìyẹ pupa náà á dùbúlẹ̀ sódì kejì, nẹ́ẹ̀tì á wà láàárín wọn, oòrùn á máa pa àwọn méjèèjì.

"Ó ti sú u," ni tíṣà wí. "Lọ́la, a máa ṣí i."

Ibi tí Màmá Aránṣọ ti wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba nǹkan jẹ́ rèé. Ilé ẹ̀yìn náà ní òròmọdìyẹ, ọjọ́ orí kan náà, wọ́n sì máa ń gba abẹ́ ògiri wọlé wá jẹun. Ó rò ó pé tí nẹ́ẹ̀tì bá ti kúrò, wọ́n máa dàpọ̀, kò sì ní mọ èyí tó jẹ́ ti ìyá òun mọ́. Kí ni aránṣọ máa ṣe sí nǹkan tí kò fẹ́ kó sọnù? Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó gbé wọn lé itan lọ́kọ̀ọ̀kan, ó so òwú pupa mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, kókó méjì-méjì, ó gé etí rẹ̀ dáadáa. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ gan-an. Ó wò wọ́n, inú rẹ̀ dùn.

Lọ́sàn-án, lẹ́yìn tí àwọn funfun ti jẹ àgbàdo yó, tíṣà ká nẹ́ẹ̀tì. Adìyẹ pupa kọ́kọ́ jáde, ó ń kùn pe àwọn ọmọ, wọ́n tò tẹ̀ lé e. Ìyálé gbórí sókè. Ó dúró díẹ̀. Lójijì ló sáré wọ àárín wọn, kì í ṣe ìyá ló kọjú sí, àwọn ọmọ ni, àwọn mẹ́rin yòókù sì já wọlé tẹ̀ lé e. Ìyẹ́ ń fò, eruku gba ojú. Adìyẹ pupa fò mọ́ Ìyálé lórí, ó na apá méjèèjì, arúgbó tó kéré tó yẹn, ó ń jà bí ẹni tí kò mọ̀ pé òun lè kú. Tíṣà ń pariwo "Ẹ dákẹ́! Ẹ dákẹ́!" bí ẹni pé kíláàsì ló wà. Kí Màmá Aránṣọ tó fi ìgbálẹ̀ lé wọn, ọ̀kan nínú àwọn onílà dúdú ti sùn sílẹ̀, kò sì tún dìde mọ́. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ti ṣá a jù.

Màmá Aránṣọ wé e sínú àjákù aṣọ, ó sin ín sábẹ́ igi. Kò sunkún. Ó kàn sọ pé, "Ìyálé máa kú lọ́la."

"Ìyá wọn..."

"Ẹ má bẹ̀ mí, Bàbá wọn. Ẹ pọ́n ọ̀bẹ."

Ilẹ̀ mọ́, tíṣà pọ́n ọ̀bẹ, ó ń pọ́n ọn bí ẹni tí kò fẹ́ kó mú. Adìyẹ pupa àtàwọn mẹ́fà tó kù ti padà sẹ́yìn nẹ́ẹ̀tì. Màmá Aránṣọ jáde láti yàrá iṣẹ́ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lára, ó bẹ̀rẹ̀ láti mú Ìyálé. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀, òwú kan bọ́ sílẹ̀ láti àpò rẹ̀. Òwú pupa, kò gùn ju ìka lọ.

Ìyálé bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì fò mọ́ òwú náà. Ó ṣá a, ó fà á, ó tún ṣá a. Ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré wá gbà á lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀kẹta gbà á lọ́wọ́ ìyẹn, wọ́n ń lé ara wọn ká ẹ̀yìnkùlé nítorí ìka òwú kan. Wọ́n rò pé kòkòrò ni, tàbí ẹ̀jẹ̀. Ta ló mọ ohun tí adìyẹ ń rò? Pupa ni wọ́n rí.

Màmá Aránṣọ dúró pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó wo òwú náà. Ó yíjú sí ẹ̀yìn nẹ́ẹ̀tì, ó wo ẹsẹ̀ méjìlá àwọn ọmọ tó ń rìn káàkiri níbẹ̀, mẹ́fà nínú wọn pẹ̀lú òwú pupa tó mọ́ tónítóní, kókó méjì-méjì.

"Yéè," ló sọ. "Èmi ni. Bàbá wọn, èmi ni mo pa á."

Tíṣà wo òwú, ó wo ọ̀bẹ, ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ kíákíá kí ìyàwó rẹ̀ má bàa yí ọkàn padà. "O ò mọ̀," ló wí.

"Mi ò mọ̀. Ṣé àìmọ̀ á jí i dìde? Gbogbo nǹkan tí mo bá fọwọ́ kàn, iṣẹ́ mi ni mo máa ń kó bá a. Iṣẹ́, iṣẹ́, iṣẹ́!" Ó jókòó sórí garawa tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Tíṣà mọ̀ pé kì í ṣe ti òròmọdìyẹ nìkan ló ń sọ, ó sì mọ̀ pé tí òun bá dá sí i, á dákẹ́ pátápátá. Ó kàn lọ mú àlùmọ́gàjí wá fún un.

Màmá Aránṣọ gé òwú náà kúrò lẹ́sẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti ń fún mọ́ ọ̀kan lẹ́sẹ̀ gan-an, awọ ibẹ̀ ti wú. Ó bẹ̀ wọ́n bó ṣe ń gé e. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀ wọ́n.

Wọ́n dúró fún ọ̀sẹ̀ kan sí i, kí ọgbẹ́ lè jinná. Nígbà tí wọ́n tún ká nẹ́ẹ̀tì, Màmá Aránṣọ dì mọ́ ọwọ́ ìgbálẹ̀ gírígírí. Ìyálé rìn wá. Ó wo ọmọ kan, ó fẹnu sọ ọ́ lórí lẹ́ẹ̀kan péré, bí àgbà ṣe ń sọ fún ọmọdé pé kó kúrò lọ́nà. Ọmọ náà ké, ó sá sábẹ́ ìyá rẹ̀. Adìyẹ pupa gbé ìyẹ́ ọrùn sókè, Ìyálé náà gbé e sókè, wọ́n wo ara wọn. Lẹ́yìn náà, Ìyálé yà, ó lọ dùbúlẹ̀ sínú eruku rẹ̀. Kò sí ohun tó tún ṣẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ kọjá lórí ọ̀sẹ̀ bí ẹni tó ń rìn lójú oorun. Àwọn mẹ́fà ń yọ ìyẹ́ gidi, ẹsẹ̀ wọn ń gùn, ohùn wọn ń ṣẹ́. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀yìn ń wá, wọ́n ń dàpọ̀ mọ́ wọn, Màmá Aránṣọ sì rí i pé òun mọ tòun láàárín wọn láìsí àmì kankan. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, á wá jókòó sórí garawa rẹ̀ láti wo bí wọ́n ṣe ń wọlé sùn: àwọn funfun lórí igi gígùn tó wà lókè nínú ilé adìyẹ, adìyẹ pupa nílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ lábẹ́ apá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá náà ò bò wọ́n mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan tí ojú ọ̀run rí bí inú ẹyin, adìyẹ pupa wọlé, kò sì jókòó sílẹ̀. Ó wo òkè. Ó fò, ó gun igi, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn funfun. Àwọn ọmọ ń ké nísàlẹ̀. Ọ̀kan gbìyànjú, ó fò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó fẹ́ ki orí bọ abẹ́ apá rẹ̀. Adìyẹ pupa ṣá a lórí, ó lé e.

Màmá Aránṣọ dìde fùú. "Orí ẹ dàrú ni? Ọmọ rẹ mà ni!"

"Ó ti tọ́ wọn tán ni," ni tíṣà wí láti orí àga rẹ̀. "Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn."

"Kó tiẹ̀ sọ fún wọn!"

"Ìyá wọn, adìyẹ wo ló ń dágbére?"

Màmá Aránṣọ ti kọjú sí igi náà. Ó ń wo ọmọ tí wọ́n ṣá náà. Ọmọ náà rìn lórí igi títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Ìyálé, ó dúró síbẹ̀, ó ń gbọ̀n. Ìyálé la ojú kan, ó pa á dé, ó sún díẹ̀. Màmá Aránṣọ tún jókòó sórí garawa, ó mú fóònù láti àpò, ó pe àbúrò rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ṣé kò sí? Kí ló ṣe ohùn yín?"

"Ọjọ́bọ̀ yẹn," ni Màmá Aránṣọ wí. "Ọjọ́ tí Màmá lọ. Báwo ló ṣe rí? Sọ ọ́ fún mi. Ó bínú sí mi, àbí?"

Ohùn àbúrò náà ti yí padà.

"Ó bínú kẹ̀? Ó bi mí pé kí lẹ̀ ń ṣe, mo ní ẹ wà nídìí aṣọ ìyàwó. Ó ní, 'Há, kò ní jẹun nìyẹn. Tó bá ti wà nídìí aṣọ báyìí, kì í jẹun. Pè é, sọ fún un pé kó lọ jẹun.' Mo ní mo máa pè yín. Ó ní ìsinsìnyí ni o. Mo ní ẹ jẹ́ n fọ abọ́ tán. Ìgbà tí mo fi máa fọ abọ́ tán..." Ó mí kanlẹ̀. "Mi ò pè yín, ẹ̀gbọ́n mi. Iṣẹ́ tó rán mi gbẹ̀yìn nìyẹn, mi ò jẹ́ ẹ. Ẹ̀rù ń bà mí látìgbà yẹn pé ẹ máa bi mí."

Omi ti ń dà lójú Màmá Aránṣọ, ó ń dà sí ọrùn, ó ń dà sórí téèpù, kò nù ún.

"Jẹ́ ẹ báyìí," ló wí. "Èmi náà rèé. Jẹ́ ẹ."

"Ẹ̀gbọ́n mi." Àbúrò náà ń sunkún. "Màmá ní kẹ́ ẹ lọ jẹun."

"Mo ti gbọ́."

Tíṣà ti dìde kí wọ́n tó ní kó dìde. Ó bu oúnjẹ wá láti ilé ìdáná, ó gbé e lé ìyàwó rẹ̀ lórí itan, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa. Màmá Aránṣọ ń sunkún, ó ń jẹun, ó ń sunkún, títí abọ́ náà fi ṣófo.